Ọpọlọ Ìyá Àkàndé Ti Kún

Àwọn àgbà ni mò ń kọ́ ní ìwé Yorùbá kíkà ní ìlú Massè, iṣẹ́ tó fẹ́ sùúrù, èmi sì rèé, sùúrù mi ò pọ̀. Lọ́jọ́ kan a wà lẹ́nu iṣẹ́ ni Bàbá Àkàndé adẹ́mu wọlé, ó fi igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ kọ́ èjìká.

"Màdáàmù, mo wá mú ìyàwó mi lọ. Ọpọlọ rẹ̀ ti kún."

Mo ní, "Ó kún báwo, Bàbá?"

Ó ní ọkùnrin kan sọ ọ́ nínú fóònù òun pé bí èèyàn bá ti kọjá ogójì ọdún, ọpọlọ rẹ̀ á kún bí akèrègbè ẹmu. Bí wọ́n bá tún da nǹkan sí i, ti tẹ́lẹ̀ á máa ṣàn dà nù.

"Ọjọ́ tí ẹ kọ́ ọ ní 'gb', kò fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Tí ẹ bá wá dé 'ṣ', ṣé á ṣì mọ̀ mí?"

Àwọn àkẹ́kọ̀ọ́ yòókù rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìyá Àkàndé ti ń kó wàláà rẹ̀, omi sì ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ti bẹ ọkọ rẹ̀ títí kí ọkọ náà tó gbà pé kó wá kàwé. Mo sì mọ̀ pé bó bá lọ lónìí, àwọn ọkọ yòókù á dé lọ́la. Inú bí mi gan-an.

Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ, pé ọpọlọ kì í kún, pé títí ọjọ́ ikú ló ń kọ́ nǹkan.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Dókítà tó wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ ni."

"Dókítà tèmi wà nínú fóònù. Ó tiẹ̀ fi àwòrán sí i, ó kọ̀wé sí i lára." Ó yọ fóònù náà jáde. "Ẹ kà á."

Kí n tó nawọ́, Ìyá Àkàndé ti gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fìlà díẹ̀. Fìlà ni àwọn àkẹ́kọ̀ọ́ mi ń pe àmì ohùn, nítorí pé orí lẹ́tà ló ń jókòó sí. Ẹni tó kọ ti inú fóònù yìí kò dé fìlà fún ọ̀rọ̀ kankan. Ìyá Àkàndé fi ìka tẹ̀ lé e.

"Oògùn... ọ̀... pọ̀... lọ́. Bàbá Àkàndé, oògùn ọ̀pọ̀lọ́ lẹni yìí ń tà."

"Ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fò?"

"Ó lè jẹ́ ọpọlọ inú orí. Kò dé fìlà fún un." Ìka rẹ̀ sún síwájú. "Ọpọlọ rẹ... ti kún? Ra... ìgò kan. Yóò... fọ̀ ọ́ mọ́." Ó gbójú sókè. "Ọjà ló ń tà."

"Ìgò kẹ̀? Kò sọ̀rọ̀ ìgò fún mi."

"Ó kọ ọ́ ni. Kò fẹnu sọ ọ́."

Bàbá Àkàndé wo ìyàwó rẹ̀ títí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Ó gba fóònù rẹ̀, ó jáde. Ìyá Àkàndé náà jókòó padà.

Nígbà tí a tún pàdé, Bàbá Àkàndé fúnra rẹ̀ ló gbé ìyàwó rẹ̀ wá lórí ọ̀kadà, ó sì di àpótí ìjókòó méjì sẹ́yìn. Ó ní bẹ́ǹṣì wa ń dun ìyàwó òun ní ìdí.

Mo ní, "Bàbá, ta ló wá ni èkejì?"

Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyàwó rẹ̀, ó jókòó.

"Màdáàmù, ẹ máa kọ́ wọn lọ."