Ìkòkò Iṣu tó Tú Ogun Ká

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin kì í bèèrè bí èrò ṣe pọ̀ tó níbì kankan. Tí mo bá ti òde dé, á ní, "Iṣu mélòó ni wọ́n sè níbẹ̀?"

Iṣẹ́ ogun ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, ó ń se oúnjẹ fún àwọn sójà nítòsí Òfòsù, á sì tún yọ́ gba inú oko kòkó lọ se fún àwọn tí wọ́n ń bá jà. Ìhà méjèèjì ló fi í ṣe amí: iye iṣu tó bá ní òun sè ni wọ́n fi ń mọ bí ọ̀tá ṣe pọ̀ tó.

Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá, wọ́n fẹ́ fi í ṣe alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Odòde. Ni sójà àtijọ́ kan bá fò dìde.

"Ọ̀dàlẹ̀ ni! Ó ní ọgọ́ta iṣu lòun sè fún àwọn ọ̀tá láàárọ̀ ọjọ́ kan. La bá sá!"

Ọkùnrin kan tó ti jà lódì kejì náà dìde. "Háà! Ọgọ́ta yẹn náà ló sọ fún wa! Àwa náà sá!"

Wòlíì ìjọ wa kọjú sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi. "Bàbá, iṣu mélòó gan-an ni?"

"Mẹ́rin níbí, mẹ́rin lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n sá tán, èmi ni mo jẹ ẹ́."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó nàka sí àwọn méjèèjì.

"Ká ní mo sọ òótọ́ fún yín lọ́jọ́ náà, èwo nínú yín ni ì bá wà láyé tí yóò máa pè mí lọ́dàlẹ̀?"

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n rọra jókòó.