Etílukára àti Ẹnu Kékeré Sípíkà

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ títún sípíkà ṣe kì í ṣe iṣẹ́ agbára, kó wá gbé ọ̀kan lára àwọn onípákó ayé ọjọ́un wò, kó tó máa lanu sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí à ń wí yìí ti gbé e títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi tẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń lé lọ. Àárẹ̀ ni í bá a jí, àárẹ̀ ni í bá a sùn. Ojú ń ta á nítorí èéfín òjé tó fi ń lẹ wáyà pọ̀, orúnkún ẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ohun kan ṣoṣo tó gbọ́kàn lé lára ara ẹ̀ ni etí.

Etílukára ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí etí ẹ̀ lu kára bí ajere. Èèyàn ò ní tíì tan sípíkà tán tí yóò fi sọ ibi tó ń dùn ún. Orúkọ yẹn ló sì fi ń jẹun. Àwọn tó mọ òjé jó pọ̀ ládùúgbò náà, ṣùgbọ́n ẹni tó lè gbọ́ ohùn dénú ni wọ́n ń wá kiri, òun náà sì nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì kan ló gbé sípíkà méjì wá, ti bàbá tó bí i lọ́mọ ni. Bàbá náà ti dùbúlẹ̀ àìsàn, kò lè dìde mọ́, orin nìkan ló kù tó ń bá a ṣeré.

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó," Nọ́ọ̀sì wí fún Etílukára. "Ó ń dún bí ẹni tó di aṣọ sẹ́nu. Bàbá mi ní àwọn ò gbọ́ ohun tí olórin ń sọ mọ́."

"Kí ló dé tí wọn ò ra tuntun?"

"Tuntun kẹ̀! Wọ́n ní èyí làwọn fi jó níjọ́ tí àwọn fẹ́ màmá mi. Òun ni wọ́n fẹ́ máa gbọ́ títí di ìgbà tí..." Kò parí ẹ̀. "Ẹ ṣáà bá mi ṣe é."

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ láyé nìyẹn."

Nínú irú sípíkà bẹ́ẹ̀, ẹnu méjì ló wà: ẹnu ńlá tó ń sọ ohùn tó wúwo, àti ẹnu kékeré tó ń sọ ohùn tó tínrín. Pátákó pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ̀ tó ń pín ohùn fún àwọn méjèèjì, kó má baà di pé ọmọdé ń ru ẹrù àgbà. Korosófà làwọn oníṣẹ́ ń pè é. Etílukára tú u jáde, ó rí i pé àwọn kapásítọ̀ orí ẹ̀, tó ń sẹ́ ohùn fún ẹnu kékeré, ti gbó, wọ́n ti gbẹ bí èèpo ọsàn. Ó yọ wọ́n, ó fi tuntun tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n ara kapásítọ̀ tuntun a máa yá jù. Ohùn tí ti àtijọ́ ń dá dúró díẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni tuntun máa jẹ́ kó kọjá, ẹnu kékeré á wá máa pariwo. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á fi rẹsítọ̀ kékeré kan sí i, kó máa fà á láṣọ sẹ́yìn. Etílukára mọṣẹ́. Ó fi í sí i.

Ó wá jókòó sórí àga ìgbọ́ran ẹ̀, àga onírin kan tí ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fìdí kàn, ó sì tan orin. Ẹnu kékeré ń sùn. Ó sún mọ́ ọn, ó ṣì ń sùn.

"Rẹsítọ̀ yìí ti fún un lọ́rùn jù," ló wí, ló bá yọ ọ́ kúrò. Ó kù díẹ̀ síbẹ̀ létí ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ní ó ti tó.

Kò pẹ́ tí Nọ́ọ̀sì gbé e lọ tó fi padà dé.

"Ẹ má bínú o, Bàbá. Wọ́n ní ó ń gún àwọn létí bí abẹ́rẹ́. Ìrọ̀rí ni wọ́n fi bo orí."

Inú bí Etílukára. Ta ni inú ò ní bí? Ṣé ẹni tó wà lórí ibùsùn ló máa wá kọ́ ọ níṣẹ́ ni? Ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀rín bò ó. "Ara ẹ̀ ò tíì balẹ̀ ni. Bí kapásítọ̀ tuntun ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa dún, á rọ̀." Ohun tí gbogbo àwọn oníṣẹ́ náà máa ń wí nìyẹn. Nígbà míì ó máa ń jẹ́ òótọ́, ìyẹn ló wá burú ńbẹ̀.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì tún máa dé, ó gbé sípíkà méjèèjì dání. "Wọ́n ní kí n gbé e kúrò nínú yàrá àwọn. Wọ́n ní ó sàn kí ibẹ̀ pa rọ́rọ́." Omi ti ń lé sójú ẹ̀. "Bàbá, bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sọ fún mi. Àkókò wọn ò pọ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Etílukára wọ eegun. Bí Nọ́ọ̀sì ti lọ tán, ó tún tú korosófà, ó fi kapásítọ̀ tó tún wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i. Ìyàwó ẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Bí orin ti bẹ̀rẹ̀, obìnrin náà fajú ro.

"Ṣé iṣẹ́ mi ti sú ìwọ náà ni?" Etílukára bi í.

"Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín, jàre."

Síbẹ̀, létí Etílukára, ẹnu kékeré ń sùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó kó lè mọ̀ bóyá ó tiẹ̀ ń dún. Ó ṣí i. Ó tún bò ó. Bákan náà ni.

"Ó ti kú," ló wí, ó sì mí kanlẹ̀. "Àṣé òkú ni mo ti ń fún lóògùn."

"Èwo ló kú?" ìyàwó ẹ̀ ní. "Èyí tẹ́ ẹ̀ ń bò tẹ́ ẹ̀ ń ṣí yẹn? Bàbá wọn, bẹ́ ẹ bá bò ó ni ara máa ń tù mí. Bẹ́ ẹ bá ti ṣí i báyìí, eyín á máa kan mí."

"Má bá mi ṣeré o."

"Ìgbà wo ni mo bá yín ṣeré lórí iṣẹ́ rí?"

Etílukára kọ ẹ̀yìn sí sípíkà. "Wá máa bò ó, kó o máa ṣí i. Èmi á máa sọ èyí tó o ṣe."

Obìnrin náà dìde.

"O ti bò ó," Etílukára wí.

"Ó wà ní ṣíṣí."

"Ó dáa. O ti wá bò ó báyìí."

"Mi ò tíì fọwọ́ kàn án."

Nígbà tó di ẹ̀kẹta, ó yíjú padà sí sípíkà. Ojú ń tì í, ẹ̀rù ń bà á, inú tún ń bí i, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá rántí fóònù ẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá ń dún, ìyàwó ẹ̀ ló máa ń sáré wá gbé e. Àṣejù obìnrin ló ti ń pè é.

"Láti ìgbà wo ni etí mi ti ń ṣe báyìí?" ló bi í.

"Ó ti ṣe díẹ̀." Obìnrin náà gún abẹ́rẹ́ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. "Mo máa ń pè yín láti ẹ̀yìnkùlé, ẹ ò ní dáhùn. Mo rò pé mo ti sú yín ni."

"Háà! Kí ló dé tó ò sọ?"

"Kí n sọ kí ni? Pé ọkọ mi ò dá mi lóhùn mọ́? Ta ni kí n sọ ọ́ fún?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Etílukára ju ti etí lọ. Ó fi àkísà nu àga onírin yẹn.

"Jókòó síbí."

"Orí àga yín?"

"Jókòó, jàre. Ó ti rẹ̀ mí."

Ó dá rẹsítọ̀ padà sáyè ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ní ó ṣì mú díẹ̀. Ó fi èyí tó lágbára jù ú lọ rọ́pò ẹ̀, obìnrin náà wá tẹ́tí sílẹ̀, ojú ẹ̀ tú ká.

"Ó ti ń sọ̀rọ̀ bí ọmọlúwàbí báyìí. Mo tiẹ̀ ń gbọ́ ibi tí olórin ti ń fa èémí sínú. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ o."

Etílukára tẹ́tí títí, kò gbọ́ èémí kankan. Ó gba ìyàwó ẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì wá, Etílukára ò fi bò fún un. "Bàbá rẹ ò ṣàsọdùn, ọmọ mi. Etí mi ló ti lọ. Mi ò gbọ́ ẹnu kékeré yẹn mọ́. Ìyàwó mi ló bá mi gbọ́ ọ."

"Ọjọ́ orí ni, Bàbá. Ẹ wá, ká yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù wa."

"Màá wá. Gbé e lọ fún wọn ná."

Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò ní pẹ́ tàn kálẹ̀, orúkọ tó fi ń jẹun sì ti ń bọ́ nìyẹn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń ká wáyà, kò tiẹ̀ lágbára àtibínú mọ́.

"Fóònù yín ń dún," ìyàwó ẹ̀ wí.

Ó bojú wò. Lóòótọ́, iná fóònù ń ṣẹ́jú lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ẹ̀ gan-an. Ó gbé e. Ohùn bàbá àgbà kan ni, ohùn tó wúwo, irú èyí tó ṣì ń gbọ́ dáadáa. Orin ń lọ lẹ́yìn ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Etílukára ni mo ń wá. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo tún gbọ́ orin ọjọ́ ìgbéyàwó mi."

"Ẹ dúró díẹ̀, sà," ló wí. Ó na fóònù sí ìyàwó ẹ̀, tó ṣì jókòó sórí àga onírin. "Gbà á. Ìwọ ni wọ́n ń bèèrè."