Ojú Ta Ni Ká Fi Síwájú Ìwé?

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà nígbà tí olóòtú ìwé mi pè mí láti Ìbàdàn. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ara, ó béèrè ọmọ, kó tó wá sọ pé ìwé náà dùn ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ kò pe ẹnikẹ́ni. "Mà, ẹni tó bá rí i lórí àtẹ kò ní mọ̀ bóyá ìwé àdúrà ni tàbí ìwé ìṣirò." Òótọ́ ló sọ. Àga onígi kan ṣoṣo ló wà níwájú ìwé náà, òun àti ògiri funfun. Èmi ni mo yan àga ọ̀hún. Ó ní ká ṣe èèpo mẹ́ta: ọ̀kan fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́, ọ̀kan fún ilé ìwé, ọ̀kan fún àwọn àgbàlagbà. Inú ìwé kò ní yí padà. Mo ní ó dáa, mo sì padà sídìí ẹ̀wà mi.

"Ó dáa" ni ọ̀rọ̀ mi nígbà yẹn. Bí wọ́n bá ní kí n jẹun, ó dáa. Bí wọ́n bá ní kí n wá sípàdé, ó dáa, màá lọ, màá jókòó, n kò ní mọ ohun tí wọ́n sọ. Àwọn èèyàn rò pé mo ti gba kádàrá. N kò gba nǹkan kan. Kò sí nǹkan tó ń dé ọ̀dọ̀ mi tí mo fẹ́ gbà.

Ọkọ mi ni ìwé náà dá lé. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa ń tún ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ fúnra wọn ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Yóò gbé àpótí irinṣẹ́ sórí ọ̀kadà, ó di Imusin, ó di Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó di abúlé tí èmi kò mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé mò ń kọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, ó mọ̀ pé òun ni. Ohun kan ló bẹ̀ mí, pé kí n jẹ́ kí ọkùnrin inú ìwé lówó díẹ̀ ju òun lọ. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò dúró kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán.

Ìlọrin ni mo wà, lọ́dọ̀ ọmọ wa obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àárọ̀ ni ọkọ mi ṣubú nínú ilé. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú ṣọ́lé. Kí ọkọ̀ tí mo wọ̀ tó dé, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Yẹ̀pẹ̀ tútù ni mo bá. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ òkú ẹlòmíràn ni, èmi náà á ní kí wọ́n yára. Ṣùgbọ́n n kò rójú rẹ̀, omijé kò sì wá. Mo retí rẹ̀ lọ́jọ́ fídáù, kò wá. Wọ́n ní mo lọ́kàn akin. Akin kọ́. Ara mi ló kú.

Ohun kan ṣoṣo tó ṣì ń bà mí lẹ́rù ni pé mò ń gbàgbé ojú rẹ̀. Kò fẹ́ràn fọ́tò. Bí ìdílé bá fẹ́ ya fọ́tò, òun ló máa ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, tí á ní òun ni òun máa yà wá. Mo rántí ọwọ́ rẹ̀ tí òróró ẹ̀rọ kì í kúrò lára rẹ̀. Mo rántí bó ṣe ń wúkọ́. Bí mo bá wá di ojú, ibi tó yẹ kí ojú ọkọ mi wà, òfìfo ni mo máa ń bá.

Ayàwòrán tí mo gbé iṣẹ́ lọ bá ní ṣọ́ọ̀bù kan tó kún fún kọ̀ǹpútà àti ìdọ̀tí bébà. Ó ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó, ó ń ṣe kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sáláṣí, ṣùgbọ́n pósítà òkú ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìlú wa, kò sí ògiri tàbí òpó iná tí olóògbé kan kì í ti ibẹ̀ wojú èèyàn. Ó ti ṣe é pẹ́ débi pé ó mọ àwọ̀ tó bá òkú ọmọ àádọ́rin ọdún mu, àti èyí tó bá ti ọgọ́rùn-ún mu. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Kò ka ìwé mi, kò sì díbọ́n pé òun kà á.

Èèpo ti àwọn ọ̀dọ́ la kọ́kọ́ ṣe. Ó wá ọkùnrin kan jáde láti inú íńtánẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ṣọ lára, wọ́n ti fi òróró kun àyà rẹ̀. Ọmọbìnrin kan gbé orí lé àyà ọ̀hún, oòrùn sì ń wọ̀ lẹ́yìn wọn. Mo sọ fún un pé ọkùnrin inú ìwé mi ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì níkùn díẹ̀.

"Mà, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọge wo ló máa fowó ra ikùn?"

Mo ní ó dáa. Ní ti ilé ìwé, ó fi akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó wọ yúnífọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀, wọ́n yí ẹ̀rọ ìránṣọ ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ẹ̀rọ náà pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan nínú ìwé mi. Ó ní bí kò bá sí yúnífọ́ọ̀mù níwájú rẹ̀, tíṣà kankan kò ní gbé e wọ kíláàsì. Ìyẹn náà dáa.

Nígbà tí mo délé, mo di ojú mi bí mo ṣe máa ń ṣe. Kì í ṣe òfìfo ni mo bá mọ́. Aláyà dídán yẹn ló jókòó síbẹ̀, pẹ̀lú òróró lára. Mo gbìyànjú láti lé e, kò lọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ náà, nítorí òfìfo ṣì sàn. Ẹni tó fi àyè sílẹ̀ lè padà wá.

Olóòtú ní kí ti àwọn àgbàlagbà jẹ́ ojú èèyàn gidi, ojú tó ti rí ayé. Ayàwòrán bi mí bóyá mo ní fọ́tò. Mo wá ilé títí, ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí: èyí tó yà nígbà tó ń gbèrò àtilọ Mẹ́kà, tó dúró gbagidi bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Fọ́tò yẹn kò jọ ọ́, ṣùgbọ́n òun náà ni. Mo gbé e fún ayàwòrán. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ronú, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gé ojú náà róbótó, ó fi wúrà yí i ká, ó da ìkùukùu sísàlẹ̀, ó fi ẹyẹlé funfun méjì sókè, ó to òdòdó síbi ẹsẹ̀. Àwa méjèèjì wò ó, ó tẹ́ wa lọ́rùn. Ó jọ ohun tí ojú wa ti mọ̀. Ó tẹ èyí tó tóbi, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù kí aráyé lè mọ̀ pé ìwé kan ń bọ̀.

Ọjọ́ kejì ni àwọn aránṣọ láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n so gèlè wálẹ̀.

"Ìyàwó oníṣẹ́ wa, ẹ kú àràfẹ́rakù. A ò gbọ́ o, ara ògiri la ti rí i. Ọjọ́ wo ni fídáù?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí a ṣe. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé èèpo ìwé ni? Mo ní fídáù ti kọjá, mo fún wọn ní omi. Èyí àgbà nínú wọn ní ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́ tipẹ́, òun rò pé ọkọ mi bínú sí òun ni kò ṣe wá mọ́, òun sì ti ń ronú ohun tí òun ṣe fún un. Àwọn mìíràn wá láti Imusin. Àwọn kan wá tí n kò mọ̀ rí. Mo jókòó, mo ń ṣe àmín sí àdúrà wọn, ojú mi gbẹ bí àwo tí wọ́n nù.

Ìròyìn dé etí ayàwòrán, ó sáré wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀. "Mà, ẹ foríjì mí. Ọwọ́ mi ló mọ́ ọn lára." Ó ní àwọn Ìbàdàn náà ti pè, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa ra ìwé tó jọ pósítà òkú. Wọ́n ti rí ojú bàbá arúgbó kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ṣé kí òun fi ìyẹn rọ́pò. Mo rò ó pé bàbá oníyẹyẹ yìí náà á wá jókòó sójú mi, ní ẹ̀gbẹ́ aláyà dídán. Mo la ẹnu láti sọ pé ó dáa.

Bàbá tó máa ń wẹ òkú ọkùnrin ní mọ́sáláṣí wa ló wọlé. Arúgbó ni, ó ń fi ọ̀pá rìn. N kò tíì bá a sọ̀rọ̀ ju kíkí lọ. Ó jókòó kó tó dáhùn ìkíni wa, inú rẹ̀ kò sì dùn.

"Ìyàwó, fọ́tò tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn, ojú rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Èmi mọ bó ṣe rí."

Mo bi í pé báwo ló ṣe rí. Ohùn mi kò jọ ti èmi létí mi.

"Ó ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí ọlọ́jọ́ dé. Apá ọ̀tún dán. Apá òsì kò tíì fá, ọṣẹ ti gbẹ mọ́ ọn. Àwọn ará ilé ní kí n fá èyí tó kù kó lè dọ́gba. Mo ní èmi kì í fi abẹ kan òkú. Mo fọ ọṣẹ náà kúrò, mo wé e. Mo rò pé wọ́n ti sọ fún yín."

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń ṣe. Á fá apá ọ̀tún, á rántí ẹ̀rọ kan tó ń pariwo láìnídìí, á ju abẹ sílẹ̀, á lọ síta. Ó ti fi ojú bẹ́ẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún lèmọ́mù rí. Èmi á sì pariwo láti ilé ìdáná pé, "Ẹ lọ parí ojú yín." Mo rí i. Mo rí imú rẹ̀, mo rí ìpéǹpéjú rẹ̀ tó wúwo, mo rí bó ṣe ń wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ, pẹ̀lú ọṣẹ lápá kan.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ni mo bú sẹ́kún. Ayàwòrán fẹ́ bẹ̀ mí kí n dákẹ́, bàbá fi ọwọ́ dá a dúró. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sun ún." Mo sì sun ún. Ó dùn mí dé egungun, inú mi sì dùn pé ó ń dùn mí.

Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo sọ fún ayàwòrán pé kí ó sọ fún àwọn Ìbàdàn kí wọ́n fi ojú ẹni tó bá wù wọ́n síwájú ìwé. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Lẹ́yìn náà ni mo di ojú mi, níbẹ̀, níwájú wọn. Apá ọ̀tún dán, apá òsì kò dán. Ọkọ mi ni.