Ẹ̀gbo Inú Agolo àti Ikú Tí Wọ́n Fi Pa Mọ́ fún Mi

Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Tèmi, ọmọ ọmọ mi tí kì í jẹ ẹran, ló ṣí agolo kan ní kíṣìnì wa ní Greenspoint nílùú òyìnbó níbí ní Sátidé. Àgbàdo funfun tó wú rọ̀bọ̀tọ̀ ló wà nínú rẹ̀, òórùn bíi ti kánún sì gba ilé kan. Hómìnì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀gbo ni. Òórùn yẹn ló ní kí n sọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi fún yín. Ó ti kú, wọ́n ti sin ín, wọn ò sì sọ fún mi. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ní Ìkirè tí a ti dàgbà, ẹ̀gbo kì í ṣe oúnjẹ oníkánjú. Wúràọlá ìyá wa á gbé e kaná láàárọ̀ kùtù, kò ní rọ̀ títí oòrùn á fi yẹ àtàrí. Èmi àti Àbẹ̀kẹ́ là ń ṣọ́ iná. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ ohùn Rísíkátù àti Kọ́ḿfọ́ọ̀tì ọmọ tíṣà níta, wọ́n ń ṣe tẹ́ńtẹ́ń. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kánún sínú ìkòkò kó lè tètè rọ̀, mo bá eré lọ. Ìgbà tí mo fi dé, ẹ̀gbo ti pọ́n, ó ń yọ̀ bí ilá, ó korò bí ewúro. Ìyá wa gbé ọmọrogùn.

"Ta ló ṣe é?"

Kí n tó la ẹnu, Àbẹ̀kẹ́ ti ní, "Èmi ni." Ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbà á. Lẹ́yìn náà ó jókòó ti àwo rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀gbo kíkorò náà, ó wò mí. "Tí o bá tún kánjú, màá jẹ́ kí wọ́n pa ẹ́ dànù."

Tèmi ò mọ ìkankan nínú èyí. Ó dín àlùbọ́sà àti ata nínú páànù, ó da àgbàdo náà lé e, ó fi ṣíìsì bò ó, ìyẹn ń yọ́, ó ń fà bíi gọ́ọ̀mù. Kò sẹ́ran, kò sẹ́ja, edé lásán kò sí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó jinná. Ó dùn, n ò ní purọ́. Ó gbé e fún mi, ó kúnlẹ̀, ó sì rọra kí mi bí ẹni tó ti ń kọ́ ọ sórí:

"Grandma, ẹ kú aráfẹ́rakù."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" ló fẹ́ kí. "Ọmọ yìí, ta ló kú?"

"Big Mummy Àbẹ̀kẹ́. Bí everybody ṣe ń kí Daddy on the phone nìyẹn. Daddy ò sọ fún yín? Oh my God."

Ìgbà tí Wálé ọmọ mi, bàbá Tèmi, ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Pasadena dé, ó dọ̀bálẹ̀. "Mummy, ẹ̀jẹ̀ ríru yín ni mo rò o. Gbogbo ẹbí ló ní ká má tíì túfọ̀ fún yín."

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ló bí mi ni? Oṣù kan gbáko ni mo fi ń ní kó o bá mi pè é. O ní fóònù rẹ̀ bàjẹ́. O ní ó ń sùn. Wálé, o ò purọ́, ó ń sùn lóòótọ́!"

"Mummy, ẹ má bínú."

"Màá bínú. Fi mí sílẹ̀ kí n bínú."

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa náà ń fi ikú pa mọ́. Nígbà tí Làmídì ọmọ Bàbá Sàlámì, aládùúgbò wa ní Ìkirè, kú, ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi sọ fún bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí yóò di bàbá náà mú ni wọ́n ń dúró dè. Nígbà tí wọ́n pé yí i ká, wọ́n sọ fún un. Níbí, wọ́n fi pa mọ́ torí kò sẹ́ni tí yóò jókòó tì mí nílé. Iṣẹ́ ti kó gbogbo wọn lọ.

Oríkì kan wà tí ìyá wa fún mi. Níbí, Mummy ni mí, Grandma ni mí. Àbẹ̀kẹ́ ló gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń fi oríkì náà pè mí. Wálé fẹ́ fi pè mí lọ́jọ́ náà kí inú mi lè rọ̀. Mo ní kó pa ẹnu mọ́.

N ò ní kọ ọ́ síbí.