Ibi Tí Bọ́ọ̀lù Bàámi Ń Yà Sí

Nígbà tí mo ṣì kéré débi tí ebè iṣu ń bò mí mọ́lẹ̀, oko ni gbogbo Ayọ̀bọ̀ wa yìí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí òórùn iṣu sísun nírọ̀lẹ́, tí epo pupa á máa ṣàn dé ìgúnpá. Kí n tó jẹ tèmi, mo gbọ́dọ̀ kọ ebè. Ebè náà kò ga ju ìka lọ o. Orí rẹ̀ ni Bàámi ń gbé bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù lé. Bí mo bá kọ ọ́ wọ́, ìkó á dún lórí mi.

Pápá gọ́ọ̀fù ni Bàámi ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń bá àwọn ọlọ́lá gbé àpò igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì ń júwe ibi tó bá já sí fún wọn. Àlòkù igi kan tí wọ́n fún un ló ń gbé wá sóko. Ọ̀pẹ kan dúró níwájú. Bí Bàámi bá fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn díẹ̀, bọ́ọ̀lù á gba ọ̀tún ọ̀pẹ, á wá rọra tẹ̀ sósì bí ẹyẹ tó ń padà sítẹ̀ẹ́. Bó bá fa tòsì sẹ́yìn, á tẹ̀ sọ́tùn-ún. Màámi á pariwo láti ìdí ààrò pé, "Bàbá Rísí, ẹ fi ẹyin tí ẹ ń gbá kiri yẹn sílẹ̀, ẹ wá jẹun jàre!"

Nígbà tó yá, Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé, "Rísí, ibo ló yà sí?"

Mo rò pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ mi. Àṣé awọ funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì rí ibi tí bọ́ọ̀lù já sí, kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe ní pápá? Ó fẹ́ kí ọwọ́ òun mọ ohun tí ojú òun kò rí mọ́. Á gbá a tán, á ní, "Má tíì sọ. Òsì ni." Bó bá rí bẹ́ẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ní, "Ọ̀tún ni, Bàámi," á ní kí n kọ ebè mìíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣàdédé wọlé. Ní pápá, ó ti nawọ́ sósì fún ọ̀gá kan, bẹ́ẹ̀ inú omi lápá ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù já sí, tí gbogbo ènìyàn sì rí i. Wọ́n ní kó máa lọ sinmi nílé.

Màámi bu omi fún un. "Ẹ má ronú. Iṣu ṣáà wà nílẹ̀."

Bàámi yíjú sí mi. Ó ní kí n lọ kọ ebè. Ẹyọ kan ṣoṣo ló gbá, ó sì tẹ̀ yí ọ̀pẹ ká, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Mo kígbe, "Òsì ni, Bàámi! Òsì ni!"

"Mo mọ̀," ló wí. Ó ti igi náà bọ àjà, kò sì yọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Lọ́dún tó kọjá, irú awọ yẹn bo ojú èmi náà. Ọmọ mi gbé mi lọ sí ọsibítù láàárọ̀, wọ́n bó o kúrò, mo sì jẹun ọ̀sán nílé. Nígbà tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi bo ojú náà, mo jáde lọ wo ibi tí ọ̀pẹ wà rí. Òrùlé páànù ni, páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù. Mo rí gbogbo rẹ̀ kedere, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé ibo ló yà sí.