Fàdìlàt àti Bíréèkì Tó Ń Kùn Bí Oyin

Ní Erunmu, bí rédíò bá yadi, tàbí tí tọ́ọ̀ṣì bá kọ̀ tí kò tàn mọ́, ilé Fàdìlàt ni wọ́n ń gbé e lọ. Obìnrin náà ò ga, ẹnu rẹ̀ sì mú díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti fi awò sójú, tó di irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé mú, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n.

Moniya ni wọ́n bí i sí. Sàníù, bàbá rẹ̀, fi ọ̀pọ̀ ọdún tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n mú wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó sá lọ gun ọ̀kadà. Fàdìlàt nìkan ló dúró. Bàbá ò pè é pé kó wá kọ́ṣẹ́, òun náà ò sì sọ pé iṣẹ́ lòun ń kọ́. Oúnjẹ ọ̀sán ló máa ń gbé lọ fún wọn, kì í kàn tètè padà sílé ni. Nígbà tí Lateef fẹ́ ẹ tó sì mú un wá sí Erunmu, irin ìyọ́jé kan wà láàárín ẹrù ìyàwó. Àwọn ìyá ọkọ rí i, wọ́n rò pé èyí tí wọ́n fi ń na irun ni. Fàdìlàt kàn rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí rédíò ìyá ọkọ rẹ̀ àgbà fi dákẹ́, ni gbogbo ilé bá mọ iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe.

Adìyẹ ni Lateef ń sìn ní tirẹ̀. Ó ní ọkọ̀ pupa kan tó ti dàgbà, òun ló fi ń kó ẹyin lọ bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ọlọ́runṣògo àti káàkiri Ìbàdàn. Ẹni tó ń kó ẹyin kì í sáré. Lateef máa ń wakọ̀ bí ẹni tí ọmọ tuntun ń sùn lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Tó bá rí kòtò lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti ń tẹ bíréèkì nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò òjò, ó jáde síta láti to ẹyin sọ́kọ̀, ó sì gbọ́ tí nǹkan ń kùn lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì tanná ọkọ̀ rárá. Ó fà sẹ́yìn.

"Fàdìlàt! Má jẹ̀ẹ́ kí Hasanat ọmọ wa jáde síta o! Oyin ti wọnú ọkọ̀!"

Bàbá Akíntáyọ̀ ló ń gbé nílé tó tẹ̀ lé tiwọn. Akọ̀wé kóòtù ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ń lọ, oyin ni wọ́n sì ń sìn lẹ́yìnkùlé báyìí. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ oyin, inú wọn dùn. Wọ́n wọ aṣọ funfun tí wọ́n fi ń gé afárá, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì borí, wọ́n gbé agolo èéfín dání, wọ́n sì ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gba àmì-ẹ̀yẹ. Àwọn ará àdúgbò dúró lókèèrè.

"Ẹ má sáré o," ni Bàbá Akíntáyọ̀ wí. "Tí ẹ bá sáré, wọ́n á lé yín."

Wọ́n fẹ́ èéfín sí ọkọ̀ níwájú, wọ́n fẹ́ ẹ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, títí Lateef fi ń wúkọ́. Wọ́n wá ṣí bónẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀. Oyin kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Nǹkan náà ṣì ń kùn.

Fàdìlàt ti jáde nígbà náà, ìyẹ̀fun ẹ̀lùbọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó gbé etí sún mọ́ ọkọ̀.

"Bàbá, oyin kì í kùn ní ohùn kan ṣoṣo báyìí láì sinmi. Mọ́tò ni èyí."

Ó wá ohun tó ń kùn kiri títí ó fi kan irin kan tó tóbi tó ìkúùkù, tí àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ wọnú rẹ̀, tí àpótí dúdú kékeré kan sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó gbóná, ó ń gbọ̀n. Ó ní kí Lateef yọ orí bátìrì. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́, gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín Bàbá Akíntáyọ̀ ló sì pọ̀ jù. "Mo sáà ti wọṣọ," ni wọ́n ń wí. "Ẹ ò tiẹ̀ ní fi omi tútù lọ̀ mí?"

Roheem rewáyà ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Rewáyà ni wọ́n ń pe ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, Roheem sì mọṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó ki ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń yẹ ọkọ̀ wò bọ abẹ́ sítíárín, ó wo ojú rẹ̀, ó mi orí.

"Bréènì bíréèkì ni, ọ̀gá. Ṣé ẹ mọ̀ pé tí èèyàn bá tẹ bíréèkì lójijì, táyà lè há, kí ọkọ̀ máa yọ̀ lọ? Ẹ̀rọ yìí ni kì í jẹ́ kó há. Ó ní mọ́tò kékeré kan, bréènì yìí ló sì ń sọ fún mọ́tò náà ìgbà tí yóò ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí yóò sinmi. Bréènì ti bàjẹ́. Kò mọ bí a ṣe ń sọ pé ó tó mọ́."

"Kí la máa wá ṣe?"

"Ẹ ó ra òmíràn ni. Tòkunbọ̀ lèmi náà máa rí, mi ò sì lè búra pé ara tòkunbọ̀ yá ju èyí lọ."

Fàdìlàt ti ń wo àpótí dúdú náà láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. "Roheem, ṣé o lè yọ bréènì yìí nìkan, láì tú páìpù epo bíréèkì?"

"Mo lè yọ ọ́, Ìyá Hasanat. Ṣùgbọ́n mi ò tíì tú inú rẹ̀ wò rí."

"Èmi náà ò tíì tú u wò rí."

"Ẹ gbọ́ mi ná, ẹ̀yin méjèèjì," ni Lateef wí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Bí rédíò bá kú, a ó sùn láì gbọ́ ìròyìn. Bí bíréèkì bá kú lórí òkè, níbi tí tírélà wà níwájú mi ńkọ́? Fàdìlàt, mi ò kóyán ọwọ́ rẹ kéré. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Fàdìlàt ò jà. Ó jókòó lórí àpótí ẹyin tó ṣófo. "Ó yẹ kí ẹ̀rù bà yín, Bàbá Hasanat. Ó ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹsẹ̀ yín ló ń ti epo lọ sí táyà, iná kọ́. Tí mi ò bá rí i ṣe, a ó já wáyà rẹ̀, ẹ ó máa rọra wakọ̀ títí a ó fi rí òmíràn. Tí mo bá sì rí i ṣe, kò ní dé ojú títì àfi tí a bá kọ́kọ́ dán an wò ní pápá."

Lateef wo Roheem. Roheem ní òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ló rí.

"Ta ni yóò wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú mi nígbà tí a bá ń dán an wò?"

"Èmi ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Wọ́n yọ bréènì náà, wọ́n gbé e sórí tábìlì nínú yàrá iwájú. Gọ́ọ̀mù líle ni wọ́n fi lẹ ìdérí rẹ̀ pa. Fàdìlàt mọ̀ pé ooru nìkan ló lè rọ̀ ọ́, ó sì ránṣẹ́ yá díráyà lọ́wọ́ Kifayah onídìrí. Kifayah ò fi rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ gbé e wá, ó ní òun fẹ́ rí irú irun tó wà lórí bíréèkì. Òun ló di díráyà mú tí Fàdìlàt fi ń fi abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ la etí ìdérí náà yíká. Nígbà tí ìdérí ṣí, gbogbo wọn bẹjú wò ó. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ jókòó lórí pátákó rẹ̀ bí ilé nínú abúlé tí èèyàn ń wò láti orí òkè.

Fàdìlàt fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo òjé tó di ẹsẹ̀ irin kọ̀ọ̀kan mú. Nídìí èyí tó nípọn jù, òjé náà ti sán yíká bí òrùka.

"Mo rí ẹ!" Ó fò sókè. Ó yọ́ òjé tuntun sí i, èéfín kékeré rú, ojú ibẹ̀ sì ń dán. Roheem dá a padà sára ọkọ̀. Wọ́n so bátìrì, wọ́n tanná. Iná ìkìlọ̀ tó máa ń dúró síwájú awakọ̀ tàn, ó sì kú bó ṣe yẹ. Kò sí ohun tó kùn. Lateef ti ń wá ibi tí yóò to ẹyin sí.

"Pápá kọ́kọ́ ni," ni Fàdìlàt wí.

Wọ́n kọrí sí pápá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti gba àyè rẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ kún fún gálọ́pù, ọkọ̀ ń gbé wọn jó. Wọ́n ku díẹ̀ kí wọ́n wọ géètì ni mọ́tò náà bá tún bẹ̀rẹ̀. Kùùù.

Ojú ti Fàdìlàt. Àṣìṣe rẹ̀ yé e lójú ẹsẹ̀: ó ti yọ̀ jù sí àìsàn tó kọ́kọ́ rí, kò sì wá èkejì. Ó ń retí kí ọkọ rẹ̀ sọ pé ṣé òun ò wí. Lateef pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yọ orí bátìrì.

"Ó sáà gbé wa dé ẹnu géètì," ló wí. "Ṣebí rédíò ìyá mi náà, ẹ̀ẹ̀mejì lo tú u kó tó sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé obìnrin náà dìde. Nígbà tí wọ́n padà délé, ó tún ṣí bréènì náà. Lọ́tẹ̀ yìí kò kánjú. Ó ń fi tẹ́sítà kan ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé orí réléè, bọ́tìnnì tí iná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ tó sì ń tú sílẹ̀. Ètè irin méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n pàdé kí wọ́n sì túká, ṣùgbọ́n ooru ti lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ó fi ẹ̀yìn irin tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì gbá a, wọ́n túká. Ó tún gbá a, wọ́n tún lẹ̀.

"Ìwọ gan-an ni," ló wí, kò sì fò sókè mọ́.

Roheem gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì yọ irú réléè náà wá lára bréènì ọkọ̀ àlòkù kan tó ti pa tì. Fàdìlàt dán an wò kó tó fi í rọ́pò, ó wo gbogbo òjé yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi gọ́ọ̀mù tí omi kì í wọ̀ lẹ ìdérí pa, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbẹ.

Òjò ti rọ̀ kí wọ́n tó padà sí pápá. Mọ́tò náà ò kùn lójú ọ̀nà. Bàbá Akíntáyọ̀ tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú agbòjò, aṣọ ilé ni wọ́n wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Roheem ní kí wọ́n kọ́kọ́ já wáyà bréènì ná, kí wọ́n lè mọ ìyàtọ̀. Lateef sáré díẹ̀, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Táyà há, ọkọ̀ yọ̀ lórí koríko tútù bí ọṣẹ lórí símẹ́ńtì. Ó yí sítíárín, ọkọ̀ ò dá a lóhùn. Fàdìlàt ń pe Bisimillah títí wọ́n fi dúró.

Roheem so wáyà padà. Lateef tún sáré, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Bíréèkì ń ta mí lẹ́sẹ̀!" ló ké.

"Bó ṣe yẹ kó máa ṣe nìyẹn! Ẹ má gbé ẹsẹ̀! Ẹ yí i!" ni Fàdìlàt ké láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó yí sítíárín, ọkọ̀ sì yà bó ṣe ní kó yà, ó rọra dúró. Lateef jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Bàbá Akíntáyọ̀ rìn lọ sí ojú ipa táyà. Ti àkọ́kọ́ gùn gbọọrọ, ó ha ilẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n wọ́ igi kọjá. Ti èkejì kúrú, ó já wẹ́wẹ́ bí ojú rírán lára aṣọ.

"Ilé ẹjọ́ ti wo ẹ̀rí," ni wọ́n wí, wọ́n pa agbòjò dé. "Ìyá Hasanat jàre. Ẹ máa lọ sílé ní àlàáfíà."

Láti ìgbà náà, Roheem ti ń gbé bréènì oríṣiríṣi wá sórí tábìlì Fàdìlàt. Ó ń rí òmíràn ṣe, ó sì ń dá òmíràn padà pé òun ò mọ̀ ọ́n. Kò sì sí èyí tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọn ò kọ́kọ́ dán wò ní pápá.

Níbi ìdánwò wọ̀nyí ni Lateef ti wá rí i pé ìyàwó òun tó mọ inú bíréèkì ò tíì di sítíárín mú rí. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé kò tíì ronú sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní pápá náà. Níbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, Kifayah sì ń dúró létí pápá láti pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó yá, ó gba ìwé àṣẹ, ó sì wakọ̀ fúnra rẹ̀ jáde lọ sí Egbeda, Lateef sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo ibi tí wọ́n ti rí ewúrẹ́ tàbí ọ̀kadà, Lateef a ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ibi tó jókòó sí.

"Bàbá Hasanat," ni Fàdìlàt wí, kò gbójú kúrò lójú ọ̀nà, "ẹ gbé ẹsẹ̀ yín. Kò sí bíréèkì níbẹ̀ yẹn."