Àpò àgbàdo tí Bùnmi dà nù

Lónìí, ọmọ àbúrò mi da odindi àpò àgbàdo nù lójú mi.

Bùnmi ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Òṣú. Akọ ń gun àwọn abo, wọn ò lóyún. Ó pe dókítà ẹran. Ìyẹn ò tiẹ̀ wo abo kankan. Àgbàdo tí akọ ń jẹ ló kọ́kọ́ bù sọ́wọ́ wò.

Bùnmi ní, "Ó ti bu, Màmá. Oró inú èébu yẹn máa ń ṣe bí èròjà ara obìnrin lára akọ. Àtọ̀ rẹ̀ á bàjẹ́."

Mo ní, "Tí wọ́n bá sè é, ṣé iná ò ní pa á ni?"

"Iná kì í pa á tán, Màmá."

"Èèyàn ńkọ́?"

"Wọn ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà fún ti èèyàn."

Nígbà tí ogun Bìáfúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ní Ìwàrà, àgbàdo tó dáa la máa ń kó lọ tà n'Íléṣà. Èyí tó bu la fi ń ṣe ògì tiwa. Ọkọ mi á ní, "Iná á pa á."

Mi ò lóyún. Àgbo ni àwọn ará ilé ọkọ mi ń fún mi mu láràárọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ ìyàwó mìíràn fún un. Ìyẹn náà ò bí. Wọ́n ní àwa ìyàwó méjèèjì la yàgàn.

Mi ò sunkún o. Mo kàn ń wo àgbàdo tí Bùnmi dà sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, nílé tiyín, ta ni wọ́n kọ́kọ́ gbé àgbo fún?